Àjàyí, Tún Ilé Ṣe

Ní 1984 tí màmá mi bí ìbejì ní Ìbàdàn, agbára wọn kò ká ọmọ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà mọ́. Wọ́n di aṣọ mi sínú báàgì kan, bàbá mi mú mi wọ ọkọ̀ lọ sí Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, lọ́dọ̀ bàbá tó bí màmá mi. Ọmọ ọdún méje ni mí. Wọ́n ní kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi wá mú mi. Ọdún mẹ́rin ni mo lò níbẹ̀.

Ilé Àyàn ni ilé náà. Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé Bàbá Àgbà ń lùlù, ṣùgbọ́n n kò mọ bí agbo ilé onílù ṣe ń rí. Ìlù wà lára ògiri, ó wà lábẹ́ ibùsùn, ó wà nínú oòrùn níwájú ilé bí èlùbọ́ tí wọ́n sá. Ní ìdájí ọjọ́ kejì tí mo dé, ohùn kan jí mi lójú oorun. Mo yọjú. Bàbá Àgbà ló jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ìyáàlù wà lórí itan rẹ̀. Ó ti fi aṣọ di ṣaworo rẹ̀ kó má baà máa hó. Ó fi ọwọ́ kan fún ọṣán, ó fi kọ̀ǹgọ́ kan awọ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ará ilé kejì gbọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ìlù sọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó gbé e sílẹ̀, ó mú pákò sẹ́nu, ilẹ̀ sì mọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ọ, ẹ pa ẹnu dé kí ẹ fi imú kùn ún: dò dò mí, mí re mí re re.

Mo bi í léèrè ohun tí ìlù náà ń sọ. Ó ní, “Ọkọ mi, bí etí rẹ bá là, wàá gbọ́.”

Àwọn ọmọ ilé ti gbọ́ tiwọn ní tiwọn. Ọmọkùnrin kan wà láàárín wa tó ń jẹ́ Àjàyí, òun ni oorun rẹ̀ le jù, òun náà ni ìgbálẹ̀ kàn láràárọ̀. Ohun tí gbogbo wa gbà pé ìlù ń sọ ni: “Àjàyí, tún ilé ṣe o.” Ẹ tún fi imú kùn ún, ẹ ó rí i pé ó bọ́ sí i rẹ́gí. Àjàyí fúnra rẹ̀ gbà á bẹ́ẹ̀. Bí ìlù bá ti dún lẹ́ẹ̀kẹta, á dìde, á nu ojú, á mú ọwọ̀. Bàbá Àgbà á máa wò ó, á máa rẹ́rìn-ín. Kò sọ fún un rárá pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Mo rò pé wọ́n á gbé ìlù lé mi lọ́rùn lọ́jọ́ tí mo bá bẹ̀rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnu àti etí la fi ṣe oṣù mélòó kan. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, Bàbá Àgbà á kó wa jókòó sórí ẹní, á pa ètè dé, á fi imú kùn orúkọ ẹnì kan, a ó sì sọ ẹni tó pè. Òjó: ìsàlẹ̀, òkè. Dàda: ìsàlẹ̀, àárín. Ìgè: ìsàlẹ̀ méjèèjì. Táíwò: òkè, òkè, ó wá já wálẹ̀. Kò sí lẹ́tà kankan nínú ohun tó ń ṣe yẹn, kò sí b, kò sí t, kò sí k. Ó ní bí ìlù ṣe rí nìyẹn, kò ní ètè, kò ní eyín, kò ní ahọ́n, ohùn nìkan ló ní, ohùn yẹn náà ló sì fi ń jẹun.

Lẹ́yìn orúkọ, ó bọ́ sórí ọ̀rọ̀. Ọkọ tí ìyàwó ní, ọkọ́ tí a fi ń roko, ọkọ̀ tí a ń wọ̀, ọ̀kọ̀ tí ọdẹ ń jù. Ìlù mọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yàtọ̀, kò lè ṣi wọ́n pè láéláé. Ṣùgbọ́n ìlù kò mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ilé, kò sì mọ ọkọ̀ yàtọ̀ sí ejò. Mo rántí ọ̀sán tí èmi fúnra mi ṣàdédé rí i pé lórí awọ, “ìlù” àti “ọ̀rọ̀” kò yàtọ̀ síra: ìsàlẹ̀ méjì, ìsàlẹ̀ méjì. Mo sáré lọ sọ fún Bàbá Àgbà bí ẹni tó rí owó he. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ní, “Ṣé o ti rí i báyìí?” Inú mi kò dùn tó bẹ́ẹ̀ mọ́ títí ọdún yẹn fi parí.

Ìdí nìyẹn tí àyàn kì í fi í dá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ. Bí ó bá sọ “ilé” nìkan, ta ló fẹ́ mọ̀? Á na ọ̀rọ̀ gùn, á sọ ọ́ di gbólóhùn, á mú un wọ inú oríkì tàbí òwe tí ẹni tó ń gbọ́ ti mọ̀ látilẹ̀. Àwọn ará Ìbàdàn tó dàgbà tó mi á rántí ìlù tó máa ń dún lórí rédíò kí ìròyìn tó bẹ̀rẹ̀. Orúkọ iléeṣẹ́ rédíò náà, lédè Gẹ̀ẹ́sì, ni onílù ń sọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbọ́ níbẹ̀ ni: “B'Ólúbàdàn bá kú, ta ni ó joyè?” Etí kì í gbọ́ ohun tí kò mọ̀, ohun tó wà nínú rẹ̀ ló máa ń bá pàdé.

Mo bi Bàbá Àgbà nígbà náà pé, Àjàyí àti Àìná ńkọ́? Ohùn kan náà ni. Báwo ni Àjàyí yóò ṣe mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè? Ó ní, “Kí o tó mọ ohun tí ìlù ń sọ, kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.” Mo gbà á bẹ́ẹ̀, mo lọ sùn.

Gúdúgúdú ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi. Ẹni tó bá mọ agbo dùndún mọ̀ ọ́n: ìlù kékeré tó rí bí abọ́, olójú kan, tí a ń gbé kọ́ ọrùn, tí a fi awọ líle méjì lù. Àwọn yòókù nínú agbo náà, ìyáàlù, kẹríkẹrì, gángan, ìṣáájú, kànnàngó, olójú méjì ni gbogbo wọn, ọṣán ló so ojú kan mọ́ èkejì, bí o bá fún ọṣán ohùn á gòkè, bí o bá dẹ̀ ẹ́ á sọ̀ kalẹ̀. Gúdúgúdú kò ní ọṣán tí a ń fún. Ìda tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àárín awọ rẹ̀ ló ń tún ohùn rẹ̀ ṣe, ohùn náà kò sì ní gòkè, kò ní sọ̀ kalẹ̀. Kò lè sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa lọ, kó má dúró, kó má sáré, kó má falẹ̀, kí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lè rí ilẹ̀ tẹ̀.

Ó lé ní ọdún kan tí mo fi lù ú. Ọrùn mi bó. Bí mo bá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún mi ní gángan, Bàbá Àgbà á ní, “Ẹni tí kò lè dákẹ́, kí ló fẹ́ sọ?” Mo sunkún lórí ọ̀rọ̀ yẹn nígbà náà. Tí mo bá rí ọmọ tí wọ́n gbé dùùrù síwájú rẹ̀ lónìí, tí wọ́n ní kó kọ orin odidi lọ́la kí àlejò lè pàtẹ́wọ́ fún un, ọmọ náà máa ń ṣe mí láàánú. Ọdún tí mo fi gbé ìlù tí kò lè sọ̀rọ̀ yẹn, etí ló fi kọ́ mi. Mo dúró ní ẹ̀gbẹ́ ìyáàlù lójoojúmọ́, ọwọ́ mi ń ṣe ohun kan náà, gbogbo ọkàn mi sì wà lọ́dọ̀ ohun tí ìyáàlù ń wí.

Òde tí mo kọ́kọ́ bá wọn lọ, ìkómọ ni, ní Ìlobùú. Agbo kún. Bàbá Àgbà dojú kọ bàbá ọmọ, ó ń to oríkì wọn, àwọn èèyàn ń na owó mọ́ ọn níwájú orí. N kò tíì rí owó púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí tó ń já bọ́ sílẹ̀ bí ewé. Ara mi gbóná. Ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Kẹríkẹrì tẹ̀ lé mi, gángan tẹ̀ lé e, àwọn tó ń jó ti ń fẹsẹ̀ kọ. Ẹ̀gbọ́n kan nínú agbo ti ń bojú wò mí. Bàbá Àgbà kò wẹ̀yìn. Láàárín oríkì ẹni ẹlẹ́ni, ìyáàlù rẹ̀ sọ ohùn mẹ́fà, gbogbo rẹ̀ ní àárín, pẹrẹsẹ, kò gòkè, kò sọ̀ kalẹ̀: “Ọmọ mi, rọra ṣe.”

Ó tún bọ́ sínú oríkì bí ẹni pé kò yà rárá. Kò sí ẹnì kan nínú agbo tó mọ̀ pé ó bá mi sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìlù bá mi wí nǹkan tí ó sì yé mi láìsí pé ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀. Àyà mi balẹ̀, ọwọ́ mi padà sípò. N kò mọ bí n ó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò ṣẹlẹ̀ sí, bí ẹní fi àtẹ́lẹwọ́ pa mí lórí láti ọ̀nà jíjìn ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n fún mi ní gángan. Igi ọmọ̀ ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, awọ ewúrẹ́ ni wọ́n fi bò ó. Nígbà òjò, awọ náà á rọ̀, a ó gbé e sún mọ́ iná ààrò Ìyá Àgbà títí á fi le padà, òórùn èéfín á sì wà lára rẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Abẹ́ apá mi dégbò. Mo rò pé ohùn mẹ́ta náà ni mo ń wá: kí n fún un, kí n dẹ̀ ẹ́, kí n dúró ní àárín. Mo lù “Òjó,” Bàbá Àgbà mi orí. Mo tún un lù. Ó tún mi orí. Ó ní kí n fi ẹnu pè é. Mo pè é. Ó ní, “Gbọ́ ẹnu ara rẹ. Ṣé o fò láti ìsàlẹ̀ bọ́ sókè ni, àbí o gùn ún?”

Mo pè é bí ẹ̀ẹ̀mẹwàá kí n tó gbọ́ ọ. Nígbà tí a bá sọ “Òjó,” ohùn kejì kì í ṣàdédé wà lókè, ìsàlẹ̀ ló ti ń fà wá. “Rárà” náà bẹ́ẹ̀, òkè ni ohùn kejì ti ń yọ́ wálẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi ni mo ti ń ṣe é lẹ́nu, n kò gbọ́ ọ rí. Igi àti awọ ló gbọ́ ọ kí n tó gbọ́ ọ. Apá ni wọ́n fi ń ṣe é: o kò gbọdọ̀ fún ọṣán pa lẹ́ẹ̀kan, ńṣe lo máa sún un, kí kọ̀ǹgọ́ ti kúrò lórí awọ kí apá tó parí iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi lu Òjó. Òjó tó ni orúkọ gan-an bínú, ó ní kí n lọ máa pe ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ bàbá mi. Olùkọ́ ni wọ́n, ìlù lílù kò sí nínú ohun tí wọ́n fẹ́ fún ọmọ wọn. Ní ìsinmi Àjíǹde kan tí wọ́n wá wò mí, mo gbọ́ ohùn wọn láti inú yàrá. Wọ́n bọ̀wọ̀ fún àna wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà jáde: wọn kò fẹ́ kí ọmọ wọn di alágbe tí yóò máa lu ìlù kiri ìnáwó. Mo ń retí kí Bàbá Àgbà bínú, nítorí ọ̀rọ̀ burúkú ni. Wọ́n ti ń fi pe àyàn tipẹ́, títí di òní ló sì ń dùn mí. Ẹni tó mọ oríkì gbogbo ìdílé ìlú, tó mọ ìtàn ọba tó ti wàjà, tó ń jí ọba tó wà lórí oyè láàárọ̀, tó ń sọ fún ọba ẹni tó ń wọlé bọ̀ kí ẹni náà tó dé ẹnu ọ̀nà, òun ni wọ́n ń pè ní alágbe. Bàbá Àgbà kò bínú. Ó ní, “Ẹ̀kọ́ etí ni mò ń kọ́ ọ. Ohun tó bá wù yín ni kí ẹ fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe.”

Ní iléèwé, olùkọ́ kan nà mí nítorí pé mò ń fi ìka lu tábìlì. Ìka mi kò lè dákẹ́ nígbà náà, gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo bá gbọ́ ló ń bọ́ sí i. Sáà tó tẹ̀ lé e la bẹ̀rẹ̀ àmì ohùn, dò, re, mí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń láàgùn lórí rẹ̀. Èmi kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni, mo rò pé wọ́n kàn ń kọ ìlù sílẹ̀ lórí pátákó. Nígbà tí bàbá mi rí ìwé mi, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lọ, yẹ̀ ẹ́ wò bọ̀, wọn kò sì dárúkọ alágbe mọ́.

Ìnira kan wà tí ìlù kó bá mi. Orin ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í dun etí mi. Orin tí wọ́n túmọ̀ láti èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n fi ohùn orin òyìnbó kọ, òkè ni orin ń lọ níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀, ọ̀rọ̀ mímọ́ á sì di nǹkan mìíràn lẹ́nu wa. Mo rò pé èmi nìkan ni, àfi ìgbà tí mo dàgbà tí mo kà nípa T. K. E. Phillips, tó lu dùùrù ní Kàtídírà Christ Church ní Èkó láti 1914 títí di 1962, tó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún rẹ̀ jà fún orin tí yóò bá ohùn Yorùbá lọ. Ìyẹn lọ́dọ̀ ẹni tí dùùrù òyìnbó wà lábẹ́ ìka rẹ̀ lójoojúmọ́. Inú mi dùn bí ẹni tó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó sọnù.

Ẹ jẹ́ kí n ya ibì kan díẹ̀. Ní Kúbà, àwọn ọmọ ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ wa ṣì ń lu bàtá, mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan: Iyá, Itótele, Okónkolo. Agbára tó wà nínú ìlù tí wọ́n bá ti ṣe ètùtù fún, Añá ni wọ́n ń pè é. Àyàn wa náà ni, òrìṣà onílù. Onílù tí wọ́n bá sì ti gbà wọlé, “omo Añá” ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè bá wa sọ Yorùbá dé ìparí gbólóhùn kan. Mo wo fídíò wọn kan lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ń gbọ́ bí Iyá ṣe ń pe, tí àwọn méjì yòókù ń dáhùn, mo sì rí ọmọkùnrin kan ní ẹ̀yìn wọn, kò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ, ó ń fi ìka méjì lu orókún ara rẹ̀. Mo mọ ibi tí ọmọ yẹn wà.

Wọ́n mú mi padà sí Ìbàdàn ní 1988. Gángan kò bá mi lọ. Iléèwé girama, ìdánwò, yunifásítì, iṣẹ́. Ìṣirò owó ni mò ń ṣe fún àwọn èèyàn lónìí. Apá mi kò lè sún ohùn “Òjó” bó ṣe yẹ mọ́, bí mo bá sì gbé ìlù níbi ìnáwó, àwọn onílù gidi á kàn fi ọ̀wọ̀ wò mí. Etí mi ni kò lọ. Bàbá Àgbà kú nígbà tí mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, n kò sì bi í léèrè mọ́ nípa ìlù ìdájí. Kí ni mo fẹ́ bi í? Gbogbo wa ti mọ ohun tó ń sọ. Nǹkan kan ṣoṣo ni n kò rí ojútùú rẹ̀. Ní ọdún mẹ́rin yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ni màmá mi wá sùn sí Ẹ̀rìn, lẹ́ẹ̀mejèèjì, ìlù náà kò dún ní ìdájí. Àjàyí sùn títí oòrùn fi yọ.

N kò tíì sọ nípa màmá mi. Wọn kò kọ́ wọn ní ìlù. Ní ilé yẹn nígbà náà, obìnrin kì í mú kọ̀ǹgọ́. Lónìí tí Aralola Olamuyiwa, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ará, ti gbé ìlù kọ́ èjìká káàkiri ayé, mo máa ń ronú ohun tí màmá mi ìbá ṣe. Nítorí kò sí etí tó dà bí tiwọn. Ní Ìbàdàn, wọ́n á máa dín àkàrà lẹ́yìnkùlé, ìnáwó á máa lọ ní òpópónà kẹta, wọ́n á sì máa sọ fún wa láìgbójú sókè: “Ó ń kí ìyá ìyàwó.” “Ó ń bú ẹnì kan, wọn ò tíì fún un lówó.” Ìyá Ìbejì ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Bàbá mi náà, Ìyá Ìbejì.

Ní ọdún tó kọjá, n kò rí oorun sùn, mo jókòó sí yàrá ìdáná ní ìdájí. Ìka mi bẹ̀rẹ̀ lórí tábìlì láìjẹ́ pé mo rán an: dò dò mí, mí re mí re re. Mo ronú kan Àjàyí, mo rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ mọ́, mo pe màmá mi lórí fóònù, mo ní kí wọ́n gbọ́ nǹkan kan. Mo pa ètè dé, mo fi imú kùn ún sí wọn létí. Mo fẹ́ sọ ìtàn Àjàyí àti ìgbálẹ̀ fún wọn.

Wọn kò jẹ́ kí n dé ibẹ̀. Wọ́n ní, “Níbo lo ti gbọ́ ìyẹn?”

Mo ní Bàbá Àgbà ni, láràárọ̀, ní gbogbo ọdún tí mo lò lọ́dọ̀ wọn.

Wọ́n dákẹ́. Mo rò pé fóònù ti já. Ìgbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, ohùn wọn ti yí padà. Wọ́n ní láti kékeré ni bàbá àwọn ti máa ń fi jí àwọn, kí àwọn tó lọ sílé ọkọ. “Àbẹ̀kẹ́, ṣé o jí ire?”

Mo fi imú kùn ún. Ó bọ́ sí i rẹ́gí. Mo ti gbọ́ tí Ìyá Àgbà ń pè wọ́n ní Àbẹ̀kẹ́ nígbà tí wọ́n wá, mo gbọ́ ọ létí ara mi, ṣùgbọ́n Àjàyí ti gba ibẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń jí láràárọ̀ tí àárò màmá mi ń sọ mí, lẹ́yìn ògiri kan náà ni Bàbá Àgbà ń bẹ, ó ń kí wọn.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, n kò rí i sọ. Màmá mi ni wọ́n sọ̀rọ̀. Kì í ṣe èmi ni wọ́n ń bá wí.

“A dúpẹ́, Bàbá mi. Mo jí ire.”